Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé: “Ẹ Má Bínú” Kì Í Ṣe “Mo Jẹ̀bi”

Sí Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí dídènà ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́ ọ̀daràn, ní ìlú Vienna.

Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìpàdé.

Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní etí ọ̀sà Èkó, níbi tí ọ̀nà Máìlì 12 ti gba Ọ̀wútù àti Àgíríìkì wọ ìlú. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé kò sí nínú èdè 6 tí Àjọ Ìṣọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa ní láti wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó mọ ohun tí mo ń wí. Mo fẹ́ kí ẹ dúró de ẹni náà, kí ẹ máa wo ẹnu rẹ̀, kí ọkàn yín má balẹ̀ bóyá ohun tó ń sọ fún yín ni ohun tí mo sọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́ nílùú mi nìyẹn.

Ọdún 21 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù Májísíréètì kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ kékeré ló máa ń jọ lójú ẹni tí kò ṣe é rí: onídàájọ́ á sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹni tó wà nínú àpótí á fèsì, èmi á gbé e padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ni wọ́n gbà mí sí. Lọ́jọ́ kan ògbufọ̀ kò wá, wọ́n ní kí n dìde, mo dìde, n kò sì jókòó mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti gbọ́ èdè méjì ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ná.

Ọdún 2018 ni. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ dúró sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ògólóńtò, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣáàjì fóònù. Ẹnì kan gbé fóònù wá lọ́sàn-án, ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á lálẹ́. Kò padà wá. Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́pàá ló dé, pẹ̀lú ẹni tó ni fóònù gan-an. Wọ́n mú ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: “Ó gbé e wá, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í síná.” Yorùbá ló fi sọ ọ́, nítorí Yorùbá nìkan ló gbọ́ dáadáa. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́.

Ẹni tó ń túmọ̀ lẹ́tà yìí fún yín, ẹ ní kó dúró níbí díẹ̀. Nínú èdè wa, “gbà” tí a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn náà ni “gbà” tí èèyàn fi ń gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ́ dáadáa kò lè ṣì í. Ẹni tó ń kánjú, tó ti pinnu pé olè ló wà níwájú òun, á gbọ́ èyí tó bá fẹ́. Ohun tó dé kóòtù nínú ìwé ọlọ́pàá ni pé ọmọ náà gbà pé òun gba ẹrù olè, òun sì mọ̀ pé ẹrù olè ni. Ó ti tẹ̀ka sí i. Mo rí àmì àtàǹpàkò náà nísàlẹ̀ ìwé, ó dúdú, ó mọ́ rekete, ẹ lè rí ojú àpá ọ̀bẹ tó gba àárín ìka náà kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n kó wọn dé. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó wọ inú àpótí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Wọ́n ka ẹ̀sùn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un: “Wọ́n ní o gba ẹrù tí wọ́n jí, o sì mọ̀ pé wọ́n jí i ni. Ṣé o jẹ̀bi tàbí o kò jẹ̀bi?”

Kò dá mi lóhùn. Ohun tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré ló ṣe, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Àpótí náà kò gbà á, orí rẹ̀ kan igi, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọlọ́pàá fà á dìde ní ọrùn ẹ̀wù. Ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ẹ ṣàánú mi.”

Onídàájọ́ kọjú sí mi. Kí ló wí?

Mo sọ ohun tó wí. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kí ògbufọ̀ máa ṣe: ó ní kí ẹ má bínú, ó ní kí ẹ ṣàánú òun. Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń ha lórí ìwé. Agbefọ́ba dìde, ó ka ìwé tí ọmọ náà tẹ̀ka sí. Kò sí lọ́yà. Kò tó ìdajì wákàtí tí gbogbo rẹ̀ fi parí: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀kọ ní Sábó, kò rí kó jọ.

N kò purọ́ lọ́jọ́ náà. N kò ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀. Síbẹ̀ mo wà lára àwọn tó rán ọmọ náà lẹ́wọ̀n, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń jókòó, mo sì ń mọ̀ ọ́n títí di òní.

Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá dé iwájú àgbà tó ń bínú, tó kọ́kọ́ la ẹnu pé òun kò jẹ̀bi, ọmọ tí wọn kò kọ́ ni. Bí ìjà bá dé iwájú baálé, ẹni tó kéré ló máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló jàre. Baálé á ní, “Mo ti rí ọ, dìde. Ó yá, sọ tẹnu rẹ.” Ìgbà náà ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń ṣí ilẹ̀kùn, a kì í fi ẹ̀bẹ̀ dájọ́. “Ẹ má bínú” gan-an, òun náà ni a fi ń béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí, òun ni a fi ń kọjá láàárín èrò nínú ọjà. Ọ̀rọ̀ “jẹ̀bi” tí mo fi bi í pàápàá kò ràn án lọ́wọ́. Lágbo ilé, wọ́n lè sọ fún ọmọdé pé òun ló jẹ̀bi nítorí pé ó jiyàn, bí kò tilẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti kìlọ̀ fún un kó má máa gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ẹ wá rò ó wò: bí mo ṣe bi í bóyá ó jẹ̀bi, ta ni ọmọ náà gbọ́ ohùn rẹ̀ létí? Ìyá rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, n kò bi ẹnikẹ́ni ní “ṣé o jẹ̀bi” lásán mọ́. Mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ onídàájọ́, mo sì máa ń bi olùjẹ́jọ́ pé, “Ohun tí wọ́n kà yìí, ṣé o ṣe é, àbí o kò ṣe é?” Bó bá bẹ̀bẹ̀, mo máa ń sọ fún kóòtù pé ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀, kò tíì dáhùn. Àwọn onídàájọ́ kan máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òmíràn ní kí n má di lọ́yà mọ́ òun lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà, nítorí n kò rí ìwé kan tó sọ ohun tí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bí olùjẹ́jọ́ bá bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin kọ́ ni kò ṣiṣẹ́. Mo ti ka iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọ mi obìnrin wá a jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, mo jókòó tì í pẹ̀lú awò ojú mi bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ará ilé. Mo rí i pé láti ọdún 1955 tí àgbáyé ti pàdé ní Geneva lórí dídènà ìwà ọ̀daràn ni Àjọ Ìṣọ̀kan ti ń bá a bọ̀, pé ẹ ní ìlànà Beijing ti 1985 fún àwọn ọmọ tó bá rú òfin, ẹ ní ti Bangkok ti 2010 fún àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n. Mo ka Òfin Nelson Mandela lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, gbogbo rẹ̀ jẹ́ òfin 122, tí wọ́n fi orúkọ ẹni tó lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n pè. Omi bọ́ lójú mi níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n máa rí ẹni tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí aláìṣẹ̀, kí wọ́n má sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Èèyàn ló kọ èyí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Ti ògbufọ̀ náà wà níbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú, ti ọdún 1966, tí Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1993, ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ohun kan náà. Nítorí òfin yìí ni mo fi rí iṣẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Inú kóòtù ni. Nígbà tí ògbufọ̀ fi máa dìde láti la ẹnu, ìwé ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ tó gbé ọmọ náà lọ sẹ́wọ̀n, kì í ṣe ní kóòtù ló ti sọ ọ́. Orí káńtà ọlọ́pàá ni, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, níwájú ọkùnrin kan tó ti rẹ̀, tí kò ní ògbufọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kó wá ọ̀kan. Kò sí ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí èmi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin wà fún aago mẹ́sàn-án alẹ́ náà. Abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ náà ní kí wọ́n sọ fún ẹni tí wọ́n mú, láàárín wákàtí 24, lórí ìwé, ní èdè tó gbọ́, ìdí tí wọ́n fi mú un. Ìjọba Èkó ló kọ́kọ́ ṣe òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn ní Nàìjíríà, ní 2007, wọ́n tún un ṣe ní 2011, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀ ní 2015. Òfin Èkó yìí ní bí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n ká a sórí fídíò, bí fídíò kò bá sì sí, kí lọ́yà tó bá yàn wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Fídíò! Ká ní fídíò wà, onídàájọ́ ì bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ “mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀”, ọmọ náà ì bá sì sùn sílé. Àwọn adájọ́ wa pàápàá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí èèyàn bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ Yorùbá náà sílẹ̀, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kó méjèèjì wá.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá tẹ́tí sí mi. Gbogbo Ìkòròdú ló gbà pé ọlọ́pàá lè fi èèyàn sínú sẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 48. Ọlọ́pàá gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n mú náà gbà bẹ́ẹ̀, lọ́yà mìíràn tilẹ̀ ń sọ ọ́. Abala 35 kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni, àyàfi bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ikú; ọjọ́ méjì wà fún ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòtù wà láàárín ìlú wa. Láti Ìmọ̀tà, láti Bàyékù, láti Ìjẹ̀dẹ́, kò sí èyí tó tó kìlómítà 40. Ọjọ́ kan ni tiwa. Ọmọ tí mo ń wí yìí, ọjọ́ kẹfà ló tó dé iwájú mi.

Yorùbá nìkan kọ́ ló wà ní Ìkòròdú o. Àwọn apẹja Ìlàjẹ wà létí ọ̀sà, Yorùbá tiwọn kì í ṣe èyí tí mo kọ́ nílé ìwé, ìgbà míì mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn Ègùn náà wà, tí wọ́n wá láti ìhà Àgbádárìgì. Ọkùnrin Ègùn kan, àgbàlagbà, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó gé àwọ̀n ẹlòmíì. N kò gbọ́ Ègùn rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú nítorí pé ògbufọ̀ Ègùn kò sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó yá, ẹnì kan rántí obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ lójú ọ̀nà, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n mú un búra, ó túmọ̀. Ìṣẹ́jú 10 ni ó gbà kí onídàájọ́ tó ní kí bàbá náà máa lọ sílé. Oṣù mẹ́ta ló ti lò. Kò sì sí ẹni tó fún obìnrin náà ní kọ́bọ̀.

Ìwé yín fúnra yín sọ pé nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta lágbàáyé, nǹkan bí ẹnì kan ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Ní Nàìjíríà, ó dorí kodò: nínú mẹ́ta, bí i méjì ló ń dúró de ẹjọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan fi kíka àwọn èèyàn wọ̀nyí sínú ohun tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá ìdájọ́ òdodo ń gòkè tí ó bá di ọdún 2030. Nígbà tí ẹ bá ń kà wọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè pé mélòó nínú wọn ló ń dúró de ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Ìyẹn náà ṣeé kà.

Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ kéré sí ohun tí ẹ ń bá yí, pé àwọn tó ń ta èèyàn, tó ń ta oògùn olóró àti ìbọn ló wà lọ́rùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní Ìkòròdú. Láti 2016 wọ 2017, àwọn apani tí à ń pè ní Badoo ń wọlé tọ èèyàn lóru. Ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lórí ibùsùn kan náà. A kì í sùn. Mo ní ọmọ ọlọ mi nínú ilé, mo ń gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́ kí n tó lè pa ojú dé. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́ òru pẹ̀lú àdá. Ní oṣù Keje 2017, àwọn èrò mú àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n pa wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Apanilẹ́rìn-ín ni ọ̀kan nínú wọn. Wọn kì í ṣe Badoo.

Mo bi ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa, ọmọ tí mo mọ̀ láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, pé kí ló dé tí wọn kò fa irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó ní, “Mà, bí wọ́n bá débẹ̀, ẹni tó lówó á jáde, ẹni tí kò lówó á kú síbẹ̀. Àwa náà ń dá ẹjọ́ tiwa ni.” N kò rí èsì tó dáa fún un. Mo rántí gbogbo àtàǹpàkò tí mo ti rí nísàlẹ̀ ìwé. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; mo rí i lọ́jọ́ náà pé kóòtù tí kò gbọ́ ohun tí olùjẹ́jọ́ wí àti èrò tó gbé táyà lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì gbọ́. Orúkọ ìgbìmọ̀ yín bẹ̀rẹ̀ láti orí dídènà ìwà ọ̀daràn. Ní ìlú mi, ohun tó máa dènà táyà ọjọ́ mìíràn ni kí àwọn èèyàn rí i pé ẹni tí wọ́n fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ yóò rí ẹni gbọ́ tẹnu rẹ̀, bó bá ṣẹ̀ kó jìyà, bí kò bá ṣẹ̀ kó máa lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé. Orílẹ̀-èdè 40 ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ yín, ẹ sì máa ń pàdé lọ́dọọdún ní Vienna. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ògbufọ̀ sórí tábìlì. Ẹ kọ ìlànà kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí káńtà ọlọ́pàá, tí kò ní dúró de kóòtù: pé ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n mú gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ní èdè tó fi sọ ọ́ kó tó wà ní èdè mìíràn, pé ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọlọ́pàá tó mú un, pé ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, kó búra, kí wọ́n sì sanwó fún un, títí kan obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ. Kí ẹ sì kọ sínú rẹ̀ pé ògbufọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún kóòtù pé, “Èyí tó wí yìí, ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́.” Gbólóhùn kan yẹn, ká ní mo ní ìwé tó fún mi láṣẹ láti sọ ọ́ ní 2018, mo ti sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti lànà díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlànà Luanda ti 2014, tó ní kí wọ́n ka ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n mú fún un ní èdè tó yé e. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí ìlànà kan ní 2012 lórí ìrànlọ́wọ́ lọ́yà fún àwọn tí kò lówó. Ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Láti Geneva ní 1955 dé Kyoto ní 2021, ìpàdé ńlá 14 ni àgbáyé ti ṣe lórí dídènà ìwà ọ̀daràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó wá sí Áfíríkà, ní Cairo, ní 1995. Bí ẹ bá fẹ́ wá síhà ọ̀dọ̀ wa, èmi yóò mú yín lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní kóòtù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan.

Èyí tó kù, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti wà ní Yorùbá tipẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé èdè wa kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin Mandela ni mo gbé sórí tábìlì oúnjẹ mi nísinsìnyí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Òfin 54 àti 55 ni mo kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní bí ẹlẹ́wọ̀n bá ti wọlé, kíá ni kí wọ́n fún un ní ìwé tó sọ òfin ibẹ̀ fún un, tó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí yóò ṣe rí lọ́yà, bí yóò ṣe mú ẹ̀sùn wá. Kí ìwé náà wà ní àwọn èdè tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ń sọ jù. Bí kò bá gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un. Bí kò bá mọ̀wé kà, kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ ìjọba wa kí wọ́n jẹ́ kí èyí tí mo túmọ̀ wà lára ògiri níbi tí ojú ẹlẹ́wọ̀n ti lè tó o, kí rédíò sì máa kà á. N kò béèrè owó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e lọ sí Sábó, mo kà á fún ìyá ọmọ náà nídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Ọmọ náà ti jáde tipẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbà á padà, ó ń bá wọn ru bíríkì ní Odògúnyàn, ìyá rẹ̀ ní kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, omi mímu pàápàá, àfi kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kó mú un fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ bí mo ṣe ń kà, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òfin yìí ti wà nígbà tí wọ́n mú ọmọ òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wà. Ó gbé ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kà látòkè, kí n má kánjú, òun fẹ́ há a sórí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ògbufọ̀ kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.